Orí àti Ẹsẹ̀ Nínú Eré Ìdíje Àwọn Ọ̀dọ́: Láti Beijing dé Lẹ́kkí

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti ń wádìí ohun tí ó fà á tí ẹni méjì fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń sa agbára kan náà, síbẹ̀ tí ọ̀kan ń là, tí èkejì ń rá pálá. Ìdáhùn tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ ni orí. Nínú ìtàn Ifá tí tilé-toko mọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, gba ilé Àjàlá alámọ̀ lọ láti yan orí kí wọ́n tó wá sí òde ayé. Orí pọ̀ lọ jàra ní ilé Àjàlá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò jinná, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tí ó wù wọ́n. Nígbà tí òjò ọ̀nà dé, orí wọn ń ṣí dànù. Afùwàpẹ́ yà sí ilé baba rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí Ifá wí, ó rú ẹbọ tí a ní kí ó rú, ó sì bá ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tí ó pé. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Oríire ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó gbé Afùwàpẹ́ yà sí ilé baba rẹ̀ ní ipa tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ní baba tí ó mọ Ifá.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn ju pápá eré ìdíje àwọn ọ̀dọ́ lọ. Àgbàlagbà a máa fi ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ohun tí ó lè ṣe hàn. Bí ó bá kùnà lónìí, ó lè tún un ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí ó wọ pápá ní ìdíje àgbáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré, ara rẹ̀ kò sì tíì dàgbà tán. Ohun kékeré ni ó lè gbé e ga tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nàìjíríà sì ni ìtàn yìí bá mu jù, nítorí pé ó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ní ọdún 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí orí kó àti iye tí ẹsẹ̀ kó nínú àṣeyọrí ọmọdé, kí ó tẹ̀lé ìtàn ife márààrún àti ti àwọn èyí tí ó bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́.

I. Beijing àti Toronto

Ọdún 1985 ni àjọ FIFA kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbáyé fún àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 16 lọ, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni a sì gbé e lọ. Sebastian Brodrick-Imasuen ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Nàìjíríà, Nduka Ugbade ni balógun wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ìlú Beijing, Nàìjíríà na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní ayò 2 sí òdo. Jonathan Akpoborie àti Victor Igbinoba ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ṣáájú ọjọ́ yìí, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan, ì báà ṣe ti ọmọdé ì báà ṣe ti àgbà, tí ó gba ife àgbáyé FIFA rí. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé àwọn tí ó ti dàgbà tó nígbà náà kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó ń rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àṣekágbá. Ẹgbẹ́ Gìní ni Nàìjíríà bá pàdé ní ìpele tí ó ṣáájú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ta ọ̀mì, 1 sí 1, kò sì sí ẹni tí ó borí ẹnì kejì títí àkókò fi parí. Pẹ́nárítì ni a fi yanjú ọ̀ràn náà, Nàìjíríà ni ó sì yege. Bí bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà bá ti yà sí apá kejì díẹ̀ péré, àwọn ọmọ Gìní ni ì bá lọ pàdé àwọn ọmọ Jámánì, orúkọ Akpoborie àti Igbinoba ì bá sì má wọ inú ìwé ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí pẹ́nárítì yìí ti wá. Títí di ọdún 1970, bí àwọn ẹgbẹ́ méjì bá ta ọ̀mì níbi tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣaláì borí, gègé ni a máa ń ṣẹ́ nígbà mìíràn, tàbí kí a sọ owó ẹyọ sókè. Báyìí ni Ítálì ṣe borí Soviet ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ọdún 1968: lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọgọ́fà ìṣẹ́jú gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ayò, owó tí a sọ sókè ni ó sọ ẹni tí yóò lọ sí àṣekágbá. Nítorí pé èyí kò tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn ni a fi fọwọ́ sí pẹ́nárítì ní 1970. Láti ibi àmì tí ó jìnnà sí ojú ilé ní mítà 11, ẹni kan á gbá bọ́ọ̀lù sí ilé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 7.32, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.44, ẹni kan ṣoṣo ni yóò sì dúró láti dí i. Òye wà nínú rẹ̀, ìgboyà wà nínú rẹ̀, ìdánrawò sì ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà kì í ṣe gègé lásán mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wí pé oríire ti kúrò níbẹ̀ pátápátá kò sọ òtítọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn Beijing, aṣọ náà yí padà sí òdì. Ìdíje kejì wáyé ní Kánádà ní ọdún 1987. Nàìjíríà tún dé àṣekágbá, ní ìlú Toronto, ó sì bá àwọn ọmọ Soviet pàdé. Wọ́n ta ọ̀mì 1 sí 1. A tún lọ sí pẹ́nárítì. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọmọ Soviet ni wọ́n borí. Philip Osondu ọmọ Nàìjíríà ni a fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jùlọ nínú gbogbo ìdíje náà. Ẹni tí ó pegedé jùlọ kò gba ife, ẹgbẹ́ tí ó gba ife kò sì ní ẹni tí ó pegedé jùlọ. Àwọn ọmọ tí a fi ìlù pàdé ní 1985 àti àwọn tí a kò pàdé bẹ́ẹ̀ ní 1987, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò ju ibi tí bọ́ọ̀lù mélòó kan gbà lọ.

II. Dammam

Ní ọdún 1989, ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò ju ọdún 20 lọ wáyé ní Saudi Arabia. Tunde Disu ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà. Nduka Ugbade, balógun ti Beijing, wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó ti di géńdé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ní ìlú Dammam, Nàìjíríà bá Soviet pàdé ní ìpele tí ẹgbẹ́ mẹ́jọ ṣẹ́kù. Kí ìdajì kejì eré náà tó rìn jìnnà, Soviet ti jẹ ayò 4, Nàìjíríà kò sì ní ẹyọ kan. Oleg Salenko wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Soviet. Ojú gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ ti tán.

Lẹ́yìn náà ni Christopher Ohenhen gbá ọ̀kan wọlé, ó sì tún gbá ìkejì. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, Samuel Elijah gbá ìkẹta. Kí àwọn Soviet tó mí, Nduka Ugbade ti gbá ìkẹrin. Ayò mẹ́rin náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Wọ́n gbá àfikún àkókò, kò sí ẹni tí ó jẹ; wọ́n lọ sí pẹ́nárítì, Nàìjíríà sì borí ní 5 sí 3. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe eré yìí ní iṣẹ́ ìyanu Dammam.

Ọ̀rọ̀ ìyanu yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yẹ̀ wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ oríire nìkan ni, ẹgbẹ́ tí ó ti jókòó nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ayò kẹrin kì bá tí rí oríire náà gbà, nítorí pé ẹni tí kò na ọwọ́ kì í mú èso. Àwọn ọmọ náà sá bí ẹni pé òdo sí òdo ni eré wà. Èyí jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agbára àti ìgboyà nìkan ni, kí ni ó dé tí àwọn ọmọ kan náà, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, fi jẹ gbèsè ayò mẹ́rin kí wọ́n tó jí? Kí sì ni ó dé tí Pọtogí fi nà wọ́n ní 2 sí òdo ní àṣekágbá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyanu náà? Ìgboyà wọn kò dín kù láàrin ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgboyà a máa ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹnì kan ń dúró ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà, kí ó wo Salenko. Òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù nínú ìdíje 1989 náà, síbẹ̀ Dammam ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ife àgbáyé ti àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà ní 1994, òun kan náà gbá ayò 5 wọ ilé Cameroon nínú eré kan ṣoṣo, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ife àgbáyé. Ìjákulẹ̀ ọmọdé kò sọ ọ́ di ẹni ìjákulẹ̀.

III. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan orí

Bí ènìyàn bá mọ̀ pé oríire wà nínú eré, ìdánwò ńlá a máa wá bá a, pé kí ó wá ọ̀nà tí yóò fi mú oríire náà ní túláàsì. Nínú eré àwọn ọ̀dọ́, ọ̀nà tí ó yá jùlọ ni irọ́ ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 19 tí a kó sáàrin àwọn ọmọ ọdún 16 kò nílò oríire púpọ̀. Eegun rẹ̀ ti gbó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti fẹ̀.

Ọdún 1989 tí ó mú ayọ̀ Dammam wá ni ó mú ìtìjú yìí wá pẹ̀lú. FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà mẹ́ta ní ìdíje Òlíńpíìkì ti 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn ní ìdíje ìṣáájú. Wọ́n dá Nàìjíríà dúró ní ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Èyí nìkan kọ́: Nàìjíríà ni ó yẹ kí ó gba àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé ní àlejò fún ìdíje ti 1991, wọ́n gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún Pọtogí.

Ó dára kí a tẹ̀lé ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1991, ní Lisbon, níwájú òǹwòran tí ó ju 100,000 lọ, Pọtogí bá Bràsíl ta ọ̀mì, òdo sí òdo, wọ́n sì borí ní pẹ́nárítì. Luís Figo àti Rui Costa, tí wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Pọtogí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àwọn ni wọ́n gba ife ti 1989. Ṣùgbọ́n pé ilé wọn ni wọ́n ti gbá a, pé èrò tí ó kún pápá ń kọrin fún wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Irọ́ tí àwọn àgbà kan pa ní Nàìjíríà ni ó gbé e fún wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn bá 1991 mu ńkọ́, àwọn tí kò parọ́ rárá? Àǹfààní wọn kọjá lọ, kò sì padà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í tún ọdún 19 rẹ̀ gbé. Nígbà tí àgbà bá jẹ èso kíkan, eyín ọmọ ni ó ń kan. Àṣìṣe àwọn àgbà ni ó di àyànmọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tí ìdádúró náà parí, Nàìjíríà lọ sí Jàpáànù ní ọdún 1993, ó sì gba ife náà nígbà tí ó na Gánà ní 2 sí 1 ní Tokyo. Nwankwo Kanu, Celestine Babayaro àti Wilson Oruma wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n tún gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Ọdún kan náà ni àyẹ̀wò oníṣègùn fi hàn ní Ítálì pé àìsàn wà nínú ọkàn Kanu. Bí kò bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tuntun tí ó gbà á ń ṣe àyẹ̀wò kínníkínní, ó lè ti ṣubú sórí pápá lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí tí ó gbé e dé ibi àyẹ̀wò náà kò kéré sí èyí tí ó fún un ní ẹsẹ̀.

IV. Oṣù tí a bí ọmọ

Bí a bá mú irọ́ kúrò pátápátá, tí olúkúlùkù sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí ó ti rí, oríire ha ti tán bí? Kò tán. Níbikíbi tí a bá ti pín àwọn ọmọ ní ọdún-ọdún, ọjọ́ kan ni ó gbọdọ̀ jẹ́ ààlà. Bí ọjọ́ 1 oṣù kíní bá jẹ́ ààlà, ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 2 oṣù kíní àti èyí tí a bí ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún kan náà yóò jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Nínú ìwé, ọgbà ni wọ́n. Nínú ara, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju èkejì lọ. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 10, ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré rárá: gíga yàtọ̀, agbára yàtọ̀, ìfòyà yàtọ̀. Olùkọ́ tí ó ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ ilé-ìwé yóò mú èyí tí ó tóbi, yóò sì rò pé ẹ̀bùn ni òun rí. Èyí tí a mú yóò máa dánra wò lójoojúmọ́. Èyí tí a kò mú yóò lọ sí ilé. Nígbà tí ó bá di ọdún márùn-ún, ẹni tí a mú yóò mọ̀ ọ́n gbá ní tòótọ́, ojú olùkọ́ yóò sì jọ èyí tí ó ríran.

Ní ọdún 1985, ọdún Beijing gan-an, ni Roger Barnsley àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde tí ó fi èyí hàn nínú eré họ́kì orí yìnyín: àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá ju àwọn tí a bí ní ìparí ọdún lọ dáadáa. Ẹ̀rí tí ó lágbára sí i ti Bẹ́ljíọ̀m wá. Níbẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni ààlà eré bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1997 wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 1 oṣù kíní. Werner Helsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ṣáájú àyípadà náà, àwọn tí a bí láti oṣù kẹjọ ni a ń rí púpọ̀ nínú àwọn tí a yàn. Lẹ́yìn àyípadà, àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n gba ipò wọn. Ìràwọ̀ kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, oúnjẹ kò yí padà. Ìlà kan nínú ìwé òfin ni ó yí padà, ẹ̀bùn sì ṣí kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó mú àwọn olùkọ́ ronú. Ohun tí à ń pè ní kádàrá ọmọ, ẹlòmíràn ni ó fa ìlà rẹ̀, ní ọ́fíìsì kan, láìmọ orúkọ ọmọ náà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé pẹpẹ ga ju bí ó ti yẹ lọ kò gbọdọ̀ bú ọmọdé pé ọwọ́ rẹ̀ kúrú.

V. Seoul àti Abuja

Ní ọdún 2007, Yemi Tella mú àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí Kòríà nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá a jà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ní Seoul, Nàìjíríà àti Sípéènì ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Ní pẹ́nárítì, àwọn ọmọ Sípéènì kò rí ẹyọ kan gbá wọlé, Nàìjíríà sì borí ní 3 sí òdo. Dele Ajiboye ni aṣọ́lé. Kí oṣù kẹwàá tó parí, Tella ti jáde láyé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní píparí; ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí Toronto mọ̀ pé pẹ́nárítì kan náà ni ì bá ti fi ìbànújẹ́ sin ín lọ. Nínú ìdíje yìí, Toni Kroos ọmọ Jámánì ni a fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jùlọ. Nàìjíríà ti na ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé àṣekágbá. Ọdún méje lẹ́yìn náà, Kroos gba ife àgbáyé ti àwọn àgbà. Nínú àwọn ọmọ tí ó nà án ní Kòríà, kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 2009, Nàìjíríà gba àgbáyé ní àlejò. Wọ́n gbá nínú àwọn eré náà ní pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún yìí ni FIFA mú ẹ̀rọ MRI wọlé, èyí tí ó ń ya àwòrán eegun ọrùn ọwọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti so pọ̀ tán bíi ti àgbà. Kí ìdíje sì tó bẹ̀rẹ̀ ni Nàìjíríà ti yọ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù kúrò nítorí àyẹ̀wò náà. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí a tún kó jọ ni wọ́n fi dé àṣekágbá ní Abuja ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Swítsálandì, tí kò wá sí irú ìdíje yìí rí, ni ó gbà á ní ayò 1 sí òdo, Haris Seferović ni ó gbá a wọlé. Ilé wà, èrò wà, ìlù wà; ife kò sí. Bí ilé ṣe gbe Pọtogí ní 1991, kò gbe Nàìjíríà ní 2009. Oríire kò ní òfin tí ènìyàn lè kọ́ sórí.

VI. Ibi tí a bí ọmọ sí

Àwọn ohun tí a ti kà sílẹ̀, bọ́ọ̀lù tí ó yà, ọjọ́ tí a fi ṣe ààlà, ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ó ti dé pápá. Oríire tí ó jù ni èyí tí ó ń gbé ọmọ dé pápá. Ní Èkó, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ilé-ìwé St. Finbarr's ní Akọka ṣe fún bọ́ọ̀lù. Àlùfáà kan láti Ireland, Denis Slattery, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adájọ́ eré bọ́ọ̀lù, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé. Nwosu wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ gidi. Keshi gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí balógun ní 1994, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013. Ẹ̀bùn wọn jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àlùfáà tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni a rán wá sí Èkó, ta ni ó mọ ibi tí ẹ̀bùn náà ì bá gbà?

Ní etí ọ̀sà ní ìhà ìlà-oòrùn Victoria Island, ìlú kan wà tẹ́lẹ̀ tí à ń pè ní Maroko. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó o lulẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì túká bí ọmọ ejò. Lónìí, ilé ńláńlá Oníru àti Lẹ́kkí Phase 1 ni ó wà ní sàkáání ibẹ̀. Ní Lẹ́kkí Phase 1, bí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn ọmọdé a máa wọ bàtà bọ́ọ̀lù tí ó dára, wọn a sì gbá a lórí koríko àtọwọ́dá tí iná mọ̀nàmọ́ná tàn sí, tí a ń san owó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wà fún wọn, omi mímu wà, ẹni tí yóò gbé wọn padà sí ilé wà. Ní òdìkejì ọ̀sà, ní Ajégúnlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbá tiwọn ní pápá tí wọ́n sọ ní Maracana, orúkọ pápá ńlá ti Bràsíl.

Ẹni tí ó bá yára dájọ́ yóò wí pé ọmọ Lẹ́kkí ni orí rẹ̀ dára. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni ó fún Nàìjíríà ní Samson Siasia, Emmanuel Amuneke àti Odion Ighalo. Àìní a máa lé ọmọ sí pápá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọ̀pọ̀ wákàtí tí kò sí owó tí a lè fi rà á a sì máa di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí èyí wí pé òṣì ni ó dára fún eré náà ṣìnà. Orúkọ àwọn tí ó yege ni a mọ̀. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ lórí ilẹ̀ líle tí kò sí oníṣègùn, àwọn ọmọ Maroko tí ẹgbẹ́ wọn túká pẹ̀lú ilé wọn, ta ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ìtàn tí a fi ẹnu àwọn aṣẹ́gun nìkan sọ kò lè ṣàì gbé oríire pamọ́, kí ó sì pè é ní akíkanjú.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Kì í ṣe pé kí a dẹ́kun eré ìdíje, tàbí kí a sọ fún ọmọ pé akitiyan kò já mọ́ nǹkan. Àwọn tí ó jókòó ní Dammam lẹ́yìn ayò kẹrin kò bá ti kú sílé bí wọn kò bá sá. Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ènìyàn dé ibi tí orí yóò ti rí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ tí ó ń ṣa ẹgbẹ́ béèrè oṣù tí a bí ọmọ kí ó tó pè é ní aláìlẹ́bùn. Kí ó tún wo ẹni tí ó kéré lónìí wò lẹ́yìn ọdún méjì. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ mọ̀ pé irọ́ wọn lè gba ọdún 19 ẹlòmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sì yẹ kí ilé-ìwé tí ó ń fi ife hàn àlejò rántí àwọn ọmọ tí ó pàdánù ife náà ní pẹ́nárítì kan ṣoṣo, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, àṣekágbá ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ wáyé ní Sùúrùlérè. Sípéènì na Jàpáànù ní 4 sí òdo, Xavi sì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì gba ife. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Èkó, wọ́n ti bá Gánà ta ọ̀mì 1 sí 1, pẹ́nárítì ni ó sì yà wọ́n, 8 sí 7. Ọmọ Gánà kan ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wọlé. Bí ó bá wọlé ní ọjọ́ náà, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ nípa Sùúrùlérè lónìí, àwọn àgbà kan ì bá sì ti wí pé àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀.